Ọkọ̀ Pupa Tí Ẹbí Ògúnlànà Kọ̀ Láti Wọ̀

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹrin ọdún 1951 ni a bí Olóògbé Pa Sólómọ́nì Ògúnlànà sí ìlú Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ọdún kẹrin lẹ́yìn tí a tẹ ìlú náà dó. Pa Dáfídì Ògúnlànà, apẹja òkun, ni bàbá wọn. Màmá Tinúọlá, ọmọ Òde Ugbò, ni ìyá wọn. Ilé tí a bí wọn sí ti wà nínú òkun báyìí, ìdí nìyẹn tí ẹbí fi ń sin wọ́n sí Òde Ugbò, ní ilé ìyá wọn.

Bàbá ka ìwé mẹ́fà. Ní ọdún 1966, wọ́n wọ ibi iṣẹ́ tí àwọn ará ìlú ti jọ ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì níbẹ̀. Etí ni wọ́n fi ń mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Wọ́n á ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́, wọ́n á tẹ́tí díẹ̀, wọ́n á sì na ọwọ́ fún irinṣẹ́ tí wọ́n fẹ́. Ní ọdún 1978, wọ́n gbé Màmá wa, Rhoda, níyàwó nínú ìjọ. Màmá ṣíwájú wọn lọ ní ọdún 2016. Ogún ọdún ni Bàbá fi lu agogo ìjọ, a kò sì rántí ọjọ́ ìsinmi kan tí wọ́n pẹ́ dé.

Ní ọdún 1989, wọ́n kan ọkọ̀ tiwọn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ọpẹ́fólúwa. Láti etí òkun títí dé èbúté ńlá lókè ni ọkọ̀ náà ń ná, ó ń gbé àwọn tó ń lọ tajà, àwọn olùkọ́, ìyàwó tuntun àti ewúrẹ́. Owó rẹ̀ ló rán gbogbo wa níwèé.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn olóṣèlú tó wà lórí oyè nígbà náà pín ọ̀dà pupa fún àwọn ọlọ́kọ̀. Bàbá kò wọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan rí. Wọ́n gba ọ̀dà náà nítorí pé ó dára, kì í jẹ́ kí omi tètè ba igi jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi kun ọkọ̀, wọ́n sì pe àwọn aládùúgbò wá wò ó.

Ní ọjọ́ Ajé kan ní oṣù kẹta ọdún 2021, rédíò kéde pé kí gbogbo àwọn tó wà lórí oyè máa lọ sílé. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ìgbìmọ̀ tuntun ti gba èbúté, ó sì ti lẹ ìwé mọ́ ògiri, orúkọ àwọn ọkọ̀ tí kò gbọdọ̀ gbé èrò níbẹ̀ mọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ mọ́kànlá ni, pupa ni gbogbo wọn. Ọkọ̀ Bàbá ni ìkeje. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Kọ́lájọ Ògúnlànà ni akọ̀wé ọ̀hún, àkọ́bí olóògbé, ẹni kan náà tó ń kọ ìtàn yìí lórúkọ ẹbí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà, èrò ti kún inú Ọpẹ́fólúwa. Ọ̀gá ìgbìmọ̀ béèrè lójú gbogbo èèyàn pé ta ló ni ọkọ̀ pupa yẹn. Kọ́lájọ tẹ orí ba ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó ní, “Mi ò mọ̀ ọ́n.” Bàbá dúró níbẹ̀, wọ́n gbọ́. Wọ́n kàn yíjú sí àwọn èrò, wọ́n ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má jẹ́ kó fì.” Nígbà tí Kọ́lájọ délé, oúnjẹ rẹ̀ wà níbi tó máa ń wà. Bàbá kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ rí títí wọ́n fi kú.

A ní kí wọ́n fi ọ̀dà mìíràn kùn ún. Wọ́n ní, “Ọ̀dà yìí ṣì dáa. Kí ni mo fẹ́ ha á dànù fún?” A pè é ní agídí.

Oṣù mẹ́rin ni ọkọ̀ náà fi so mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Ní oṣù keje, ọkọ Màmá Moríkẹ́, aládùúgbò wa, kú sí ọsibítù lókè. Kò sí ọlọ́kọ̀ tó gbà láti gbé e wálé, nítorí pé èrò kì í fẹ́ wọ ọkọ̀ tó bá ti gbé òkú. Bàbá so màrìwò mọ́ iwájú Ọpẹ́fólúwa, wọ́n gbéra. Ọkọ̀ tó gbé òkú kì í tò ní èbúté, kì í já tíkẹ́ẹ̀tì, kò sì sí ẹni tó ń béèrè ẹni tó ni ín. Gbogbo èèyàn dìde, ọ̀nà ṣí. Kọ́lájọ náà dìde, ó sì ṣí fìlà.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá ni gbogbo ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ń ránṣẹ́ sí. Ẹlòmíràn fún wọn ní epo, ẹlòmíràn ní ẹja yíyan, ẹlòmíràn kò rí nǹkan kan fún wọn. Iṣẹ́ ìlú tó tóbi jù tí olóògbé ṣe nìyẹn. Òun náà ló ń ti àwa ọmọ wọn lójú.

Godspower, ọmọ kejì, sọ fún àwọn àna rẹ̀ pé iṣẹ́ ìjọba ni bàbá òun ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí Princess, ọmọ Kọ́lájọ, sunkún wálé pé wọ́n ń pe òun ní ọmọ ọlọ́kọ̀ òkú, ṣe ni a mú un kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ náà. Níbi ìgbéyàwó Happiness, àbíkẹ́yìn wa, ní ọdún 2023, a bẹ Bàbá pé kí wọ́n má gbé ọkọ̀ náà sún mọ́ ibẹ̀. Wọ́n wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, wọ́n san owó ọkọ̀ bí gbogbo èrò, wọ́n sì jókòó sẹ́yìn. Ojú ń tì wá bí a ti ń kọ ọ́ yìí.

Ní ọdún 2024, rédíò tún sọ̀rọ̀. Kọ́lájọ ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ pé òun kì í ṣe akọ̀wé mọ́. Àwọn tó tún dé ní kí àwọn ọkọ̀ pupa padà wá. Bàbá fọ ọkọ̀, wọ́n sì lọ tò fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Èrò á dé, á wo Ọpẹ́fólúwa, á sì kọjá sí ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e. Bàbá padà sídìí òkú gbígbé. Wọ́n ní kí Kọ́lájọ wá máa bá àwọn di ẹ́ńjìnnì mú, níwọ̀n ìgbà tí kò ti níṣẹ́. Ó ní òun kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 2025, lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́, Bàbá dákẹ́ ní ọsibítù lókè, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. A wá ọkọ̀ tó dára tí yóò gbé wọn wálé. Ọlọ́kọ̀ mẹ́ta kọ̀. Ìkẹrin wo Kọ́lájọ, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà ní ọkọ̀ nílé.”

Àwọn tí olóògbé fi sílẹ̀ ni Kọ́lájọ, Godspower àti Happiness, ọmọ; Princess, Rejoice, Ẹniolúwa àti Dùnníolúwa, ọmọ-ọmọ; àti Màmá Sárà, àbúrò wọn obìnrin.

Ní òwúrọ̀ òní, kí ẹ tó gba ìwé yìí, Ọpẹ́fólúwa ni yóò ti gbé Bàbá kọjá ní èbúté ńlá. Màmá Moríkẹ́ ní òun ni yóò so màrìwò rẹ̀. Gbogbo àwa ọmọ ni yóò wọ̀ ọ́, Princess ni yóò jókòó síwájú, Kọ́lájọ ni yóò di ẹ́ńjìnnì mú. A mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní béèrè ẹni tó ni ọkọ̀ náà. Síbẹ̀, Kọ́lájọ ti ń múra ìdáhùn sílẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, ó ń sọ ọ́ jáde nínú yàrá rẹ̀: Sólómọ́nì Ògúnlànà ló ni ín, bàbá mi ni.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí i lẹ́yìn ìsìn, ẹ bi í.

Bàbá, àwa mọ̀ yín. Kí omi tí ẹ ń lọ yìí tòrò fún yín. Ẹ sùn ire o.