Ìrìn Ọ̀rọ̀ Sísọ Tí Wọ́n Kọ Fún Mi Bí Oògùn

Åshild ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú làálàá ìlú ńlá. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun? Èmi bàbá rẹ wà, àwọn àgùntàn náà wà, òrùlé ilé ọkọ̀ ojú omi wa nìkan ni kò sí mọ́, nítorí ìjì gbé apá kan rẹ̀ lọ bá àwọn ará òdìkejì omi, wọn kò sì tíì dá a padà. Kí Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọkọ̀ nínú kùrukùru máa ṣọ́ ọ ní Oslo níbẹ̀, níbi tí èèyàn pọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kankan kì í kí ẹnì kejì. Àmín.

Mo rí ohun tí o kọ ránṣẹ́. O ní tí dókítà bá tún sọ pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, tí ọkàn mi sì wúwo bó ṣe wúwo látìgbà tí ìyá rẹ ti kú, o máa wá fi ọkọ̀ kó mi lọ sí yàrá kékeré kan nítòsí rẹ, a ó sì ta ilé. Mo kà á títí ojú fi ń dùn mí. Ọmọ mi, n kò fẹ́ lọ. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ sọ ọ́, n kò bá ọ jà, ṣùgbọ́n inú ilé yìí ni mo ti mọ ibi tí pákó ti ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀. Jẹ́ kí n ròyìn bí nǹkan ṣe lọ fún ọ kí o tó lọ bá àwọn tó ń ta ilé sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, dókítà fi aṣọ kan dì mí lápá, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó sì mi orí. Ó ní oògùn wà, àmọ́ kí a kọ́kọ́ fi eré ìdárayá gbìyànjú rẹ̀ wò, ló bá kọ ọ́ sórí ìwé fún mi gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ oògùn. Mo mú ìwé náà lọ tààrà sí ilé ìtajà oògùn. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ kà á, ó tún un kà, ó ní Bàbá, eléyìí ò sí lọ́dọ̀ wa o. Mo ní ṣé ó ti tán ni? Ó ní kò tán, kò wọlé rí ni. Mo ní kó bá mi bi ọ̀gá rẹ̀ bóyá á bá ọkọ̀ ojú omi ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé. Ló bá kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé àìsàn mi ló ń pa á lẹ́kún, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má sunkún mọ́, pé kò tíì burú tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n wá rán mi sí ọmọbìnrin mìíràn ní ilé ìwòsàn, Marte lorúkọ rẹ̀, òun ló ń kọ́ àwọn aláìsàn bí wọ́n ṣe máa lo ara wọn. Ó ní ìrìn ni oògùn mi, àti pé kí n máa rìn ín ní ìwọ̀n ìrìn ọ̀rọ̀ sísọ. Ó ní kó má yára jù, kó má falẹ̀ jù, kí n ṣáà lè máa sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń rìn, àmọ́ kí n má lè kọrin. Mo ní ti orin kò ṣòro, ohùn mi ni wọ́n tìtorí rẹ̀ lé mi kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀rọ̀ gan-an ló ni mí lára. O mọ̀ pé ìyá rẹ ló máa ń sọ̀rọ̀ nílé wa, èmi kàn ń mi orí ni. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí n tó dé ibi afárá, gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi ti tán. Mo bá àwọn àgùntàn sọ díẹ̀, wọn kò dá mi lóhùn. Mo wá rò ó pé oògùn tí èèyàn kò bá lò bí wọ́n ṣe ní kó lò ó, kò lè ṣiṣẹ́, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ wá ẹni tí n ó máa bá sọ ọ́. Ta ló wà nítòsí ilé wa ní abúlé Eikevåg lásìkò òtútù? Àwọn ará oko òkè ti lọ yá oòrùn ní Spéènì. Sjur aládùúgbò wa nìkan ló kù.

Ìwọ náà mọ̀ pé èmi àti Sjur kò bá ara wa sọ̀rọ̀ látìgbà tí àgbò rẹ̀ ti fo ọgbà tó sì gun àwọn àgùntàn wa, tí gbogbo ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn fi jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ dúdú. Nínú ọkọ̀ ojú omi pàápàá, ẹ̀yìn la ń kọ sí ara wa. Ṣùgbọ́n àìsàn kò mọ ìjà. Mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀, mo na ìwé dókítà sí i, mo ní ọ̀rọ̀ ìlera ló gbé mi wá o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́, wọ́n ní kí n máa sọ̀rọ̀, ìwọ nìkan ló sì ní etí ní àdúgbò yìí. Sjur wọ awò ojú rẹ̀, ó ka ìwé náà tán, ó ní níbo ni wọ́n ti dárúkọ òun ńbẹ̀? Mo ní kò síbẹ̀. Ó dá ìwé náà padà fún mi, ó ní ó dáa, òun máa sìn mí dé ibi afárá, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ló pa mí.

Marte kò sọ irú ọ̀rọ̀ tó gbọ́dọ̀ jẹ́, nítorí náà èébú la fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní olórí kunkun ni mí, tí ń fi ìwé dókítà wá ọ̀rẹ́ kiri. Mo ní àgbò rẹ̀ ló fi ìrìn jọ ọ́. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti ń gòkè, èémí kò tó èébú mọ́, la bá dín ìrìn kù kí a lè bú ara wa dáadáa. Mo ròyìn èyí fún Marte, ó ní gẹ́lẹ́ ohun tí òun ń sọ nìyẹn. A ti kọjá afárá báyìí, orí òkè là ń dé, a sì máa ń jókòó síbẹ̀ mu kọfí.

Orí òkè yẹn ni Sjur ti sọ fún mi pé ní gbogbo ọdún tí a fi ń jà, ìyá rẹ ń gbé búrẹ́dì pẹlẹbẹ lefse wá fún òun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, oní-bọ́tà àti ṣúgà. Èmi rò pé ó ń lọ fi orin kọ́ra ní ṣọ́ọ̀ṣì ni! Mo kọ́kọ́ bínú, mo wá rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo sunkún, èmi àgbàlagbà, ní gbangba. Sjur gé wàràkàṣì fún mi. Mo sùn wọra lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀ bai fọ́ọ̀ rẹ ńkọ́? O kọ ọ́ sí mi pé o ti ṣe tìrẹ tán kí ilẹ̀ tó mọ́, mo sì ti kéde fún gbogbo abúlé pé ọmọ mi ra jíìpù. Sjur bi mí pé àwọ̀ wo ni, mo ní dúdú. Marte ló là mí lóye pé eré sísá ni, tí èèyàn á sá títí kò fi ní lè sọ̀rọ̀, á sinmi díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́rin-mẹ́rin lẹ́ẹ̀mẹrin. Jọ̀ọ́, tí Sjur bá bi ọ́, sọ pé jíìpù náà wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Mo gbìyànjú rẹ̀ wò lẹ́yìn ilé. Kò burú o, ara mi fúyẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, oorun sì gbé mi lọ, àmọ́ nígbà tí mo jí, ìbànújẹ́ ti jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń dúró dè mí. Marte ní méjèèjì ló dára, pé eré líle máa ń fún ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró lágbára, àmọ́ ẹni tó bá ń sá a lójoojúmọ́ láìsinmi, ara á rẹ̀ ẹ́, inú rẹ̀ á sì máa bàjẹ́. Ìwọ lọkàn mi lọ sí.

Lánàá mo padà lọ bá dókítà. Ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀. Ó bi mí nípa ọkàn mi, mo ní ẹrù náà ṣì wà, ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí mo lè máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí. Ó ní kò sí ìdí tí n kò fi lè máa gbé ilé mi, àti pé kí n má pààrọ̀ Sjur. Nítorí náà n kò ní ta ilé.

Jọ̀ọ́, fi owó krone díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa nínú àpòòwé, kí èmi àti Sjur lè ra irin ṣóṣóró tí wọ́n ń so mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà, nítorí yìnyín. Má fi sí bánkì. Wọ́n ti ti ilé bánkì pa, wọ́n ní inú fóònù ló wà báyìí, mo tú ẹ̀yìn fóònù náà wò, bátìrì nìkan ni mo bá níbẹ̀.

Åshild, o ní kí n wá kí n má baà dá wà. Ìwọ lo dá wà, ọmọ mi. Ìgbàkígbà tí o bá pè mí, eré lò ń sá, èémí nìkan ni mo ń gbọ́, o máa ní Bàbá, n ó tún pè yín. Látìgbà tí a ti sin ìyá rẹ, n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu rẹ. Wá nígbà Àjíǹde, mú ọsàn tí a ó jẹ lórí òkè dání. Mo ti sọ fún Sjur pé èmi àti ìwọ nìkan la ni ọ̀nà lọ́jọ́ náà, ó kùn, ó sì gbà. A ó rìn ní ìrìn ọ̀rọ̀ sísọ. O kò bi mí rí nípa ohun tí ìyá rẹ sọ kẹ́yìn. Mo mọ ìdí rẹ̀: ọkọ̀ rẹ pẹ́, o kò bá a láàyè, o sì ń bẹ̀rù pé ó retí rẹ títí tó fi kú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ ṣílẹ̀kùn, pé Åshild ti dé, pé òun ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ lórí àtẹ̀gùn.

Kí Ọlọ́run mú ẹsẹ̀ rẹ rọlẹ̀, kó fún ọ ní ìsinmi, kó sì mú ọ dé ọ̀dọ̀ mi láyọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Torgils