Kí Ẹ̀rọ Bàámi Tó Tún Sọ̀rọ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Ẹ̀rọ tó ń gbẹnu sọ fún Bàámi ti kú. Látìgbà tí àìsàn ti gba ohùn wọn ni wọ́n ti ń tẹ ọ̀rọ̀ sí i, òun a kà á síta. Iná lọ nígbà tó ń ṣe àtúnṣe ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ dúdú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Mo gbé e lọ bá Jẹ́jẹ́ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nísàlẹ̀ ọ́fíìsì wa — ohùn rẹ̀ tó rọlẹ̀ ló jẹ́ kí n máa pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní kò kú, kò rẹ́ni jí i ni. Ṣíìpù kan wà nínú rẹ̀ tí kò tó èékánná: ètò kékeré inú rẹ̀ ló ń jí bọ́ọ̀dù, pátákó tí ẹ̀yà ẹ̀rọ jókòó lé, kó tó pe ètò ńlá tó ń darí ẹ̀rọ. Ètò kékeré yẹn ni iná tó lọ gé sí méjì.
Ta wá ń jí òun náà? Mo gbàgbé bi í.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo bi í. Kò sẹ́nì kankan! Bí iná bá ti dé, ibì kan náà ni ọpọlọ ẹ̀rọ máa ń kọ́kọ́ wò. Ibẹ̀ ni ètò náà ń gbé. Mẹ́mọ́rì gan-an, ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, kì í ṣetán fúnra rẹ̀: ètò yẹn a kọ nǹkan sí i, a kà á padà, a tún un ṣe, títí yóò fi dúró dáadáa. Gbogbo èyí kí ojú ẹ̀rọ tó tàn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tó gbé mi débẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ kó Bàámi àti Màámi lọ sílé rẹ̀. Màámi ní Bàámi ti gbà, wọ́n mirí. Ṣé mímirí ni gbígbà?

Ọjọ́ Àìkú, 9
Bàámi ò fẹ́ jẹun.

Ọjọ́ Ajé, 10
Jẹ́jẹ́ kọ ètò tuntun sínú ṣíìpù. Ó so wáyà mọ́ ọn, ká lè máa ka ohun tó ń ṣe. Ó dé orí mẹ́mọ́rì — ó dúró. Ètò bọ́ọ̀dù mìíràn ló ṣì mú.

Ọjọ́rú, 12
Ètò tó tọ́. Mẹ́mọ́rì dáhùn. Ó rí ètò ńlá, ó gbé e sókè, ó fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, òun wá dákẹ́. Ojú ẹ̀rọ tàn. Mo pariwo, Jẹ́jẹ́ rọra ní kí n jókòó.
Mo gbé e délé, ẹ̀gbọ́n mi ti ń di àpótí. Mo ṣáà ń retí kí Bàámi sọ pé àwọn ò lọ. Ìka kan ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ó pẹ́. Ẹ̀rọ náà ní, “Èmi gbà láti lọ. Ta ló bi ìyá yín léèrè?”
A yíjú sí Màámi. Ẹ̀gbọ́n mi bi wọ́n.
Wọ́n ní, “Mi ò fẹ́.”