Orí Tí Mo Fá Nígbà Tí Ọkọ Mi Wà Láàyè

Ilé Bàbá Ọlágòkè,
Ọ̀nà Àgó-Àrẹ,
Ṣakí.
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kejì, ọdún 1984.

Yétúndé mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo yín ní Ìbàdàn? Ṣé àlàáfíà ni o wà? Olúsọjí ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ìjọba ṣì ń jẹ́ kí ẹ rí i nílé? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún ìyá rẹ tí ó máa ń dùn wọ́n nígbà ọyẹ́, ṣé ó ti fúyẹ́ díẹ̀? Ọyẹ́ ọdún yìí kò fi ojú rere wò wá níhìn-ín rárá. Ètè gbogbo wa ti là, eruku sì ti sọ gbogbo ewé ẹ̀bá ọ̀nà di pupa. Kíkẹ́ ní kí n kí ọ, ó ní kí n má gbàgbé bisikíìtì tí o ṣèlérí. Ara gbogbo wa le, ara bàbá rẹ̀ náà sì le, a dúpẹ́.

Mo ń tẹnu mọ́ ti bàbá rẹ̀ nítorí pé mo ní ìdí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti Òkèhò dé ọ̀dọ̀ rẹ, tí ó sọ fún ọ pé Olúkúnlé ọkọ mi ti kú, jọ̀wọ́ má sunkún, má sì wọ ọkọ̀ wá sí Ṣakí. Ó wà ní ìta nísinsìnyí, ó ń lẹ táyà, ó sì ń súfèé. Èmi ni mo pa á. N kò gún un lọ́bẹ, n kò fún un ní májèlé jẹ, orí mi ni mo fá. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, mo ti ya ìwé dànù kí n tó rí èyí kọ. Ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ ọ́ fún ọ, ta ni n ó sọ ọ́ fún? Ìwọ náà ni o ṣáà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

O rántí irun jẹ́rí-kọ́ọ̀lù tí a jọ lọ ṣe ní Ìbàdàn nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. N kò bá ọ wí o, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi wọ ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà. Bí mo ṣe wọ Ṣakí lọ́jọ́ tí mo dé, wọn ì bá bẹ̀ mí kí n tó kí ènìyàn. Irun mi ń dán, ó ń kán tótó sí ọrùn aṣọ mi. Bàbá Kíkẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá yà sílé wa, á pè mí jáde pé kí n wá kí wọn, kì í sì í ṣe ìkíni ló ń wá.

Kò pẹ́ tí orí bẹ̀rẹ̀ sí yún mi. Mo kọ́kọ́ ń rọra fi ọwọ́ gbá a, nígbà tó yá, ìdí báírò ni mo fi ń họ ọ́ níwájú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní kíláàsì. Lọ́jọ́ kan, mo gba ẹ̀yìn kíláàsì kọjá lásìkò eré, mo rí wọn tí wọ́n ń ṣe tísà-tísà. Ọmọbìnrin tí wọ́n fi ṣe tísà kò mú pàṣán lọ́wọ́, kò mú ṣọ́ọ̀kì. Orí ló ń họ tagbára-tagbára, ó ń sọ pé, "Ẹ yé pariwo!" Mo rọra yí padà kí wọ́n má baà rí mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, ìyá kan tí a jọ máa ń jókòó kó Bíbélì rẹ̀, ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo mọ ohun tí ó ń rò. Iná orí ni.

Kí ni n kò fi pa á tán? Mo fi kẹrosíìnì, mo fi ọṣẹ dúdú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ títí omijé fi bọ́ lójú mi, mo se ewé dóńgóyárò, mo da omi rẹ̀ sí i. Ìyá ọkọ mi ní Òkèhò gbọ́ pé orí ń yún mi, wọ́n fi igbá òrí kan ránṣẹ́, èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn pò, wọ́n ní kí n ṣíwọ́ oògùn olómi tí mo ń fi sí irun, kí n máa fi òrí pa á. Mo gbé òrí náà sí ìdí àmù, mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní jẹ́ kí kọ́ọ̀lù náà ká mọ́, àti pé pẹ̀lú òórùn rẹ̀, ta ni yóò jókòó tì mí ní yàrá àwọn olùkọ́? Irun ni mo ń tọ́jú, Yétúndé, n kò tọ́jú orí. Kò sì pẹ́ tí abẹ́ irun náà fi di egbò.

Mo wá lọ bá Bọ́sẹ̀, nọ́ọ̀sì tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa. Ó tú irun mi wò, ó kígbe. Ó ní oògùn kankan kò lè dé ara orí mi àfi bí irun yẹn bá kúrò pátápátá. Ìwọ náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, obìnrin kì í fárí bí kò ṣe pé ọkọ rẹ̀ kú. Ǹ bá ní sùúrù, ǹ bá dúró de Bàbá Kíkẹ́ tí ó kó iṣu lọ sí Èkó, kí ó bá mi sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyún náà kò jẹ́ kí n ronú. Mo fi ìdájí gba Sábó lọ sọ́dọ̀ wánsámù tí ń fárí fún àwọn Háúsá, nítorí mo rò pé òun kò ní bi mí ní ìbéèrè. Òun gan-an ló kọ́kọ́ bi mí pé ìgbà wo ni bàbá ọmọ mi lọ. Mo ní kò lọ ibì kankan. Ó gbé abẹ sílẹ̀, ó wò mí títí, kí ó tó tún un gbé.

Bí irun náà ti tán tí ọyẹ́ fẹ́ sí orí mi, áà! N kò lè ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ọ. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bọ́ bàtà tó ti fún un lẹ́sẹ̀ láti àárọ̀. Mo jókòó sórí àpótí wánsámù, mo ń dá rẹ́rìn-ín, ó sì ń wò mí bí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé.

Mo wé gèlè mọ́ ọn dáadáa, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Lọ́jọ́ ọjà, mo lọ pọnmi ní ẹ̀rọ, mo ń bọ̀ pẹ̀lú garawa lórí. Àdìjátù, ará ilé ọkọ mi tí ó máa ń ru irú wá tà láti Òkèhò, sáré wá bá mi gbé e kalẹ̀. Bí a ṣe gbé garawa náà, gèlè bá òṣùká lọ. Ó wo orí mi, omi sì kún ojú rẹ̀. Ó ní, "Yéè! Ìyàwó wa! Ìgbà wo? Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ o!"

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣẹ̀. Mo mọ ohun tí ó ń rò, ó hàn kedere lójú rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni ì bá yanjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn náà ni pé orí ń yún mi, ó sì ti di egbò, ẹnu Àdìjátù kì í sì í gba ọ̀rọ̀ dúró. Mo ti ń gbọ́ ọ bí yóò ṣe máa sọ ọ́ kiri Òkèhò pé iná ti jẹ orí tísà, ìyàwó Olúkúnlé. Mo fa gèlè bo orí, mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní bí Bàbá Kíkẹ́ bá dé, wọn yóò fi ojú ara wọn rí i. Ojú egbò orí tì mí ju kí wọ́n pe ọkọ mi ní òkú lọ.

Ní ọjọ́ Sátidé, mò ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ kan dúró níwájú ilé wa. Bàbá Ládòkun, àgbà ilé ọkọ mi, ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, fìlà wọn wà lọ́wọ́ wọn, àwọn obìnrin ilé sì tẹ̀lé wọn. Mo bu omi fún wọn, kò sí ẹni tó mu ún. Bàbá Ládòkun ní, "Ìyàwó wa, pẹ̀lẹ́. A ti gbọ́. Ibo ni mọ́tò náà ti dojú dé?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, kò kú." Ẹkún bá sọ. Àwọn obìnrin dì mí lápá mú, wọ́n ní kí n máa sunkún, kí n má gbé e sínú. Bí mo ṣe ń pariwo pé ó wà láàyè, bẹ́ẹ̀ ni ẹkún tiwọn ń ga sí i. Nígbà tí n kò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́, mo já gèlè, mo na orí sí wọn, mo ní, "Ó ń yún mi ni! Orí ló ń yún mi!" Bàbá Ládòkun fi ọwọ́ bo ojú. Wọ́n ní kí ẹnì kan sáré pe nọ́ọ̀sì wá kí ó gún mi lábẹ́rẹ́ oorun, pé ọ̀rọ̀ náà ti da orí ìyàwó rú.

Bọ́sẹ̀ dé. Òun ló sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, lójú gbogbo àdúgbò tí ẹkún ti kó jọ: ti kọ́ọ̀lù, ti egbò, ti wánsámù, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. N kò mọ ibi tí n ó fi ojú sí. Bàbá Ládòkun dé fìlà wọn padà, wọ́n ní, "Ó dáa. A ó dúró kí a fi ojú wa rí i." Wọ́n sì dúró. Wọn kò fi oúnjẹ mi kan ẹnu títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì tí Bàbá Kíkẹ́ fọn fèrè mọ́tò rẹ̀ níwájú ilé. Gbogbo wọn dà bò ó, wọ́n ń fọwọ́ kàn án kiri ara. Òun rò pé èmi ni mo kú.

Nígbà tí ó gbọ́ bó ṣe jẹ́, kò bá mi jà. Inú àpò ọ̀rá tí ó gbé ti Èkó bọ̀ ló ti kó ìgò oògùn kọ́ọ̀lù tí ó rà fún mi jáde, ó sì tò wọ́n sórí tábìlì. Ó wá yíjú sí Bàbá Ládòkun, ó ní, "Ìyá mi ńkọ́?" Wọ́n ní Ìyá kò gbọ́ nǹkan kan, pé irọ́ ni àwọn pa fún wọn, àwọn ní ìkómọ ni àwọn ń lọ ṣe ní Ṣakí. Síbẹ̀, gbogbo wa wọ mọ́tò, ó di Òkèhò.

Ìyá wà lórí ìjókòó níwájú ilé. Wọn kò wé nǹkan kan. Wọ́n ti fá gbogbo irun funfun orí wọn kodoro.

Yétúndé, ìyá kì í fárí fún ọmọ. N kò rí i rí, n kò gbọ́ ọ rí. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn. Wọ́n kàn rí i pé láti ìgbà tí Àdìjátù ti ti ọjà dé, ohùn gbogbo ará ilé ti rẹlẹ̀, ẹran ń pọ̀ sí i nínú ọbẹ̀ tí wọ́n ń gbé fún wọn, kò sì sí ẹni tó ń dárúkọ Olúkúnlé mọ́. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni. Bí àwọn àgbà ti kúrò nílé báyìí, wọ́n mú abẹ, wọ́n jókòó sẹ́yìnkùlé, wọ́n fá a fúnra wọn. Ojú abẹ wà lórí wọn káàkiri. Àwọn obìnrin tí wọ́n wá ń bẹ̀ wọ́n, tí wọ́n ní a kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n fi dá wọn lóhùn ni pé ọ̀kan ṣoṣo ni àwọn bí.

Bàbá Kíkẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ìyá kò kígbe. Wọ́n di ojú rẹ̀ mú, wọ́n fọwọ́ kan etí rẹ̀, wọ́n tẹ èjìká rẹ̀ bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ìwọ ńkọ́, Ìyá Kíkẹ́? Kí ló ṣe irun rẹ?"

Mo wo orí wọn, mo sì wo ilẹ̀. Mo ní, "Orí ló ń yún mi, Ìyá." Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò sọ ọ̀rọ̀ kan tó tì mí lójú tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní, "Òrí tí mo fi ránṣẹ́ ńkọ́?"

Mo ní, "Ó wà nídìí àmù, Ìyá."

A mú wọn wá sọ́dọ̀ wa ní Ṣakí, nítorí bí wọ́n bá jáde ní Òkèhò, gbogbo ènìyàn ni yóò máa bi wọ́n pé ta ló kú. Bí wọ́n ti wọlé, ìdí àmù ni wọ́n lọ tààrà, wọ́n gbé igbá òrí náà, wọ́n fẹ́ eruku ara rẹ̀ dànù. Láràárọ̀ láti ìgbà náà, wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á fọwọ́ pè mí, n ó jókòó sórí ẹní láàárín ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á sì fi òrí pa orí mi láìsọ̀rọ̀. Egbò náà ti jiná. Ìyún náà ti lọ. Mò ń gbé òórùn òrí lọ sí ilé-ìwé, ẹni tó bá fẹ́ yínmú kó yínmú. Ṣùgbọ́n Ìyá kò bá mi sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ nǹkan, Kíkẹ́ ni wọ́n ń rán sí mi, bí a tilẹ̀ jọ wà nínú yàrá kan náà. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Bí ìka wọn bá ti kan ojú egbò, tí wọ́n rọra fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, ó máa ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Mo fẹ́ kí wọ́n dárí jì mí, n kò sì mọ ẹnu tí n ó fi bẹ̀ wọ́n.

Ní àárọ̀ òní, wọ́n pa tèmi tán, mo fẹ́ dìde máa lọ. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú. Wọ́n dìde lórí àpótí náà, wọ́n tọ́ka sí i pé kí n jókòó, àwọn sì bọ́ sílẹ̀ sórí ẹní níwájú mi, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n tú gèlè wọn. Irun funfun ti ń hù díẹ̀díẹ̀. Wọ́n na igbá òrí sí mi láti iwájú, láìbojú wẹ̀yìn, wọ́n ní, "Ìyá Kíkẹ́, tèmi náà ti ń yún mi."

Ọwọ́ mi kò tíì gbẹ tán bí mo ṣe ń kọ èyí, bóyá o ti rí òrí níbi tí mo di ìwé náà mú. Bá mi kí Olúsọjí, bá mi kí ìyá rẹ, kí wọ́n máa fi nǹkan gbígbóná ra orúnkún. Bí o bá kọjá ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin onírun yẹn, kí i fún mi, sọ fún un pé kó má retí mi.

Ọ̀rẹ́ rẹ olórí kodoro, tí ọkọ rẹ̀ kò kú,
Mọ́ládé.