Ilé Kọfí Tí Ọkọ Mi Ti Ń Sọ̀rọ̀

Imaike,
Nagoya.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Bélú, 1998.

Fumie, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ọmọ rẹ ńkọ́? Mo gbọ́ pé òtútù ti dé Kanazawa. Má ṣahun kẹrosíìnì tí o fi ń yáná sí ara rẹ o. Ní tèmi, ara le, ọkàn ni kò le.

O mọ bí Iwao ti rí láti ìgbà tí a ti sin Yūta, ọmọ wa kan ṣoṣo. Kò fẹnu pe orúkọ ọmọ náà rí nínú ilé. Bí mo bá dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, á gbé ìwé ìròyìn bojú. Mo ní kò burú, bí ọkùnrin mìíràn ti ń ṣọ̀fọ̀ nìyẹn. Mo ń dúró de ọjọ́ tí a ó jọ sọ̀rọ̀ ọmọ wa, kí a sì jọ sunkún.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ní òun yóò máa lọ sí ilé kọfí olórin tó wà lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin. O mọ irú rẹ̀: gbogbo àga kọjú sí ẹ̀rọ tó ń lu àwo orin, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, bí o bá húkọ́, wọn á wò ọ́ bí olè. Mo ní ó bá a mu. Àwọn ilé kọfí ìlú wa kò kúkú rí bákan náà. Ti àwọn ọ̀dọ́ wà, tí wọ́n ti ń ka ìwé ìtàn alàwòrán. Ti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sá fún ọ̀gá wọn wà. Ti àwọn àgbàlagbà náà wà, tó jẹ́ pé bí o bá ra kọfí láàárọ̀, wọn á fi búrẹ́dì, ẹyin àti òfófó kún un fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kí a jọ lọ. Ó ní ariwo wọn ti pọ̀ jù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sílé, mo bá gbé e tọ̀ ọ́ lọ. Mo béèrè rẹ̀, ọmọbìnrin tó ń gbé kọfí sọ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí: “Màmá, ó ti pẹ́ tá a ti rí wọn gbẹ̀yìn. Ilé kọfí àwọn àgbàlagbà, ti Màmá Kinuyo, ni wọ́n máa ń wà, nísàlẹ̀ yẹn.” Ẹnì kan pòṣé sí wa nítorí ìyẹn náà.

Mo ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Obìnrin ni mo kọ́kọ́ rò. Fumie, ì bá sàn kó jẹ́ obìnrin.

Ẹ̀rín ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ mi kẹ̀yìn sí mi, ó ń sọ bí Yūta ṣe kó àkèré sínú àpò ìwé, tó sì tú wọn sínú omi ìwẹ̀ wa. Ó ń sín ohùn ọmọ náà jẹ. Mo ti gbàgbé ohùn yẹn. Àwọn arúgbó ń rẹ́rìn-ín, omi ń jáde lójú wọn.

Màmá Kinuyo rí mi. “Ẹ káàbọ̀ o, ẹ jókòó! Ẹ wá gbọ́ Bàbá yìí, ẹnu wọn dùn ju ẹ̀wà oníṣúgà tí mò ń fi ra búrẹ́dì lára lọ.”

Bàbá kan dá sí i: “Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ jàre. Ẹni tí ọmọ kú fún, tí ìyàwó tún kú fún, ta ni kí wọ́n bá sọ ọ́ nílé?”

Iwao yíjú, ó rí mi. Mo dúró kó sọ pé, “Ìyàwó mi nìyí.” Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, ǹ bá dárí jì í. Ó gbé ojú sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹyin.

Mo tẹríba fún un. Mo ní, “Ẹ kú ara fẹ́ra kù ìyàwó yín o.”

Ó ní, “Ẹ ṣé.”

Pípa tó fẹnu pa mí kọ́ ló dùn mí jù. Ọmọ tí mo fi inú mi gbé ló ń pín fún àlejò láràárọ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló ń gbé wálé fún mi.

Nírọ̀lẹ́, ó jókòó sídìí tábìlì bí ìṣe rẹ̀. Ó béèrè pé, “Oúnjẹ ńkọ́?”

Mo ní, “Òkú kì í dáná.”

Ó dorí kodò. “Chizuru, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ níwájú ẹ ni. Tí mo bá ti rójú ẹ, Yūta ni mò ń rí.”

Orúkọ tí mo ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Ó dé, kò dùn létí mi mọ́. Mo dìde lọ di ẹrù.

Jọ̀wọ́, bá mi tún yàrá ẹ̀yìn yẹn ṣe, ọjọ́ Sátidé ni mo ń bọ̀. Má wulẹ̀ mú mi lọ sílé kọfí kankan. Se tíì, kí o jókòó tì mí, kí n pe orúkọ ọmọ mi títí yóò fi rẹ̀ mí. Bá mi kí àwọn ọmọ, kí o sì kí àbúrò rẹ tó ń ta ẹja.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ṣì wà láàyè,
Chizuru.