Àmánà Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Ọmọ Náà

Olóòtú wa, mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ yín ní Ìlọrin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́.

Olùkọ́ ilé kéwú ni mí ní Gàmbàrí. Lóṣù kejì ọdún yìí, wọ́n dá wa lẹ́kọ̀ọ́ lórí ààbò àwọn ọmọ tó wà níkàáwọ́ wa. Mo buwọ́ lùwé láàárọ̀, mo sì rọra lọ sílé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan nínú àwọn tí mò ń kọ́ dúró dè mí. "Àǹtí, àmánà ni o, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo ní, "Wàláhì, mi ò ní sọ."

Ó ní ìyàwó bàbá òun ń fi wáyà na òun. Nítorí ìbúra yẹn, mo dákẹ́ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, títí ó fi gbé apá tó kán wá.

Màsúdát, tí a jọ ń kọ́ wọn, ló lọ fẹjọ́ sùn. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún un, ó ní, "Háà! Ọ̀sán tẹ́ ẹ sá lọ yẹn gan-an ni wọ́n kọ́ wa pé ká má ṣèlérí fún ọmọ pé a ò ní sọ."

Ọmọ náà ti wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ báyìí. Ó ti sọ fún màmá náà pé èmi lòun finú hàn, wọ́n sì gbà pé èmi ni mo gbà á sílẹ̀. Ní Jímọ̀ tó kọjá, wọ́n gbé iṣu wá fún mi, wọ́n ń ṣàdúà: "Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kí ojú ó tì ẹ́." Mo ṣe àmín.

Ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n sọ fún màmá pé mo ti mọ̀, tí mo sì dákẹ́? Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé, tí ọmọ náà bá gbọ́ pé kì í ṣe èmi ni mo gba òun sílẹ̀, kò tún ní finú han àgbàlagbà kankan mọ́.