Omi Tí Bàámi Kò Sọ̀kalẹ̀ Wò Rí

                                        Ilé Kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá.

Amòye, ọ̀rẹ́ mi bí ọmọ ìyá,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Télọ̀ tó fẹ́ ọ ńkọ́, ṣé ó ti ráyè rán aṣọ fún ìwọ alára báyìí, àbí àwọn oníbàárà nìkan ló ṣì mọ̀? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń gé ara wọn jẹ? Àwa níbí ń dúpẹ́. Ikọ́ tó ń yọ mí lẹ́nu ti lọ. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni pé mi ò ní gba ìmọ̀ràn lẹ́nu rẹ mọ́ láéláé. Máa kà á lọ, wàá mọ ìdí ẹ̀.

O mọ̀ pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Bàámi fi wa bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn èèyàn lọ wo omi ńlá tó ń já láti orí àpáta. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé wọn ò fojú kan omi náà rí. Láti ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí, àtẹ̀gùn igba ó lé mẹ́wàá lèèyàn máa sọ̀ kó tó dé ìsàlẹ̀. Bàámi á ní ta ni yóò wá ṣọ́ ẹrù èrò, wọ́n á tẹ àga sẹ́yìn, ó di oorun. Wọ́n ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tiwa yìí kò tilẹ̀ gbìyànjú, ó ń hanrun ni.

Níparí ọdún tó kọjá, dókítà ojú sọ fún wa pé ojú ọ̀tún wọn ti lọ, pé ti òsì ń tẹ̀lé e, kò sì sí iṣẹ́ abẹ tó lè dá a padà. Ó ní bóyá la fi máa rí ọdún kan lò. Bàámi ò sunkún. Wọ́n kàn ní kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ òun lójú, òun fẹ́ rí omi yẹn. Ni mo bá kọ̀wé bi ìwọ Amòye nípa ìgbà tó yẹ ká lọ, láìsọ ìdí rẹ̀, torí o ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. O ní ká lọ lóṣù kìíní, pé kò ní sí èrò.

Lóòótọ́, kò sí èrò. Kò sí omi náà. Ẹ̀ẹ̀rùn ti fa gbogbo ẹ̀ mu. Àpáta gàgàrà kan ló dúró síwájú wa, tí omi ń kán lára rẹ̀ tó, tó, tó, bí ẹ̀rọ omi tí wọn ò pa dáadáa. Bàámi wò ó títí, wọ́n wá bi mí bóyá nítorí èyí làwọn èèyàn ṣe ń du àga nínú ọkọ̀ òun. A tún gun gbogbo àtẹ̀gùn yẹn padà, gbogbo ibi tá a bá ti dúró mí sì ni wọ́n ti ń dárúkọ rẹ. Mi ò ní sọ ohun tí wọ́n ń fi kún un.

Lóṣù keje tí òjò ń rọ̀ kíkankíkan, a tún gbéra. Lọ́tẹ̀ yìí omi ti pọ̀ jù, ó ti bo àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, aṣọ́nà sì ti ti géètì. Kìkì kùrukùru funfun la rí, tá a sì ń gbọ́ bí omi ṣe ń hó nísàlẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣáà máa tẹ́tí sí i. Wọ́n ní ìròyìn ò tó àfojúbà, àti pé etí òun kọ́ ni dókítà ní ó ń lọ. Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tá a délé, wọ́n da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, wọn ò sì mọ̀. Ẹ̀rù bà mí, ọ̀rẹ́ mi. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbọ́n. Aṣọ́nà yẹn gan-an ni mo ń pè lórí fóònù ní gbogbo Sátidé, títí ìyàwó rẹ̀ fi gba fóònù tó bi mí pé ta ni mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní òjò ti dáwọ́ dúró, omi ṣì kún, ojú ọjọ́ sì mọ́, kí n máa mú wọn bọ̀. A wọ bọ́ọ̀sì. Awakọ̀ tó gba ipò Bàámi ló wà á, géńdé kan tó máa ń kánjú ṣáá. Ó ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré la ní.

Bàámi di èjìká mi mú, wọ́n ń fẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tá a débẹ̀, wọ́n dorí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí adìẹ kí ojú òsì lè rí i dáadáa. Omi náà ń já bọ̀ ní funfun báláú, ó ń ta sí wa lára. Wọ́n wá ní, "Kò tilẹ̀ dúró mí!" Wọ́n rí i! Inú mi dùn débi pé mo gbá aṣọ́nà mọ́ra. Kí ìyàwó rẹ̀ má gbọ́ o.

Kò pẹ́ ni awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ họ́ọ̀nù lókè. Mo ní, "Bàámi, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Wọ́n ní, "Jẹ́ kó máa tẹ̀ ẹ́. Èmi náà tẹ̀ ẹ́ títí, mi ò fi ẹnì kankan sílẹ̀ rí." Ìgbà tó yá, awakọ̀ sọ̀kalẹ̀ wá fúnra rẹ̀ tìbínú-tìbínú. Kó tó lanu, Bàámi ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n bi í bóyá ó ti débẹ̀ rí. Ó ní rárá, ẹrù èrò lòun máa ń ṣọ́. Bàámi yí i sí omi, wọ́n ní, "Ojú méjì lo ní, ọmọ mi. Fi méjèèjì wò ó." Ó kọjú sí i, ó ń wò ó. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀ títí àwọn èrò fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ họ́ọ̀nù pe awakọ̀ wọn.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti ìyá rẹ. Sọ fáwọn ìbejì pé àǹtí wọn ń béèrè wọn.

Tìrẹ ṣì ni mí, bó o tilẹ̀ ṣì mí lọ́nà,

Abẹ́rẹ́.