Fọ́tò Labalábá Onírù Méjì

Fidencio, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ṣé ara le? Òjò pọ̀ ní Veracruz níbí lọ́dún yìí, kòkòrò sì ti ká ewé ẹ̀wà wa jọ. Láti ìgbà tí ọmọ mi Crescencia ti lọ sílé ọkọ, èmi àti Bàbá nìkan ló kù nílé.

Mo rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́. O ní ṣé labalábá ilé wa ló dé Florida lọ́dọ̀ yín. Mo gbé fóònù fún Bàbá, torí àwọn ló mọ̀ ọ́n jù.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Tiwa ni! Ibi tí òtútù ò bá ti pọ̀ ló ń gbé, láti ọ̀dọ̀ wa dé ọ̀dọ̀ Fidencio. Wo ìrù méjèèjì, wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dán bí aró. Èyí tí kò bá láró, irú mìíràn ni."

Fidencio, labalábá inú fọ́tò pa ìyẹ́ dé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ò hàn rárá.

Mo ní, "Bàbá, níbo lẹ ti rí aró?"

Wọ́n dá fóònù padà fún mi. Wọ́n wá ní, "Eufrasia, má sọ fún àbúrò rẹ o. Jẹ́ kó rò pé mo ṣì ń ríran."

Mo ti rò pé ojú wọn kàn ń ṣe bàìbàì ni.

Bí ọ̀nà bá ṣí, wá. Bí kò bá ṣí, máa pè wọ́n, kí wọ́n gbóhùn rẹ. Kí Wúndíá Mímọ́ ti Guadalupe máa ṣọ́ yín. Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo sọ o. Bí wọ́n bá bínú sí mi, wọn ò ní ẹlòmíràn tí wọ́n lè bá sọ̀rọ̀. Èmi náà ò ní.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Eufrasia